Ọkọ̀ Tí Omi Ń Kán Nídìí Rẹ̀

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, bọ́ọ̀sì alájà méjì tuntun 20 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London, lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 7 máa ń ná láti East Acton dé Oxford Circus. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè máà fura rárá. Pupa ni bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé epo dísẹ́ẹ̀lì kankan, kì í sì í rú èéfín. Omi ló ń jáde nídìí rẹ̀. Bí òtútù bá mú, ẹ ó rí i tó ń rú túú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rí i tó ń kán tó-tó-tó sórí ọ̀dà. Háídírójìn ni wọ́n ń rọ sí i.

Kí ni háídírójìn? Afẹ́fẹ́ ni. Kò láwọ̀, kò ní òórùn, kò sì sí ohun kan láyé yìí tó fúyẹ́ tó o. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Cavendish, ló fi hàn ní ọdún 1766 pé afẹ́fẹ́ ọ̀tọ̀ ni, tó máa ń gbaná. Nígbà tó yá, ó tún rí i pé bí afẹ́fẹ́ náà bá ti jóná tán, omi ló ń dà.

Háídírójìn pọ̀ láyé lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó wà nínú omi, ó wà nínú epo pupa, nínú gáàsì ìdáná, nínú igi, nínú ara èmi àti ẹ̀yin. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kì í sábà dá wà. Ó ti so mọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já a gbà, àjágbà náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ lè gbà lò ó. Èkíní ni kí ẹ́ńjìnnì máa jó o bó ṣe ń jó bẹntiróò. Èyí ti pẹ́ láyé: ní ọdún 1807, François Isaac de Rivaz ní ilẹ̀ Switzerland ti kan ọkọ̀ kan tó ń jó háídírójìn. Ọ̀nà kejì ni àwọn ọkọ̀ òde òní ń tọ̀, òun ni èyí tí wọ́n ń pè ní fuel cell. Àpótí ni, kò sì sí iná tó ń jó nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ti ọkọ̀ Toyota Mirai wò. Awẹ́ pẹlẹbẹ 330 ni wọ́n tò lé ara wọn nínú rẹ̀. Nínú awẹ́ kọ̀ọ̀kan, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín, tí wọ́n fi ẹ̀tù platinum ra. Háídírójìn ń wọlé lápá kan, afẹ́fẹ́ tí à ń mí ń wọlé lápá kejì. Bí háídírójìn bá ti kan platinum, ó ń pín sí méjì. Apá kan nínú rẹ̀ lè gba inú awọ náà kọjá. Apá kejì kò lè kọjá, àfi kó gba inú wáyà yípo. Ìrìn tó ń rìn nínú wáyà yẹn gan-an ni iná mànàmáná, òun ló sì ń yí mọ́tò tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá tún pàdé lódì kejì, wọ́n ń so mọ́ ọ́síjìn, wọ́n á di omi. Iná tí awẹ́ kan ń mú wá kò tó fóòtì kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. William Grove ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1839. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó lọ sórí òṣùpá nínú ọkọ̀ Apollo lo fuel cell fún iná, wọ́n sì mu omi tó jáde nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó le ni bí wọn yóò ṣe gbé háídírójìn. Kílò kan háídírójìn ní agbára tó gálọ́ọ̀nù bẹntiróò kan ti Amẹ́ríkà, ìyẹn lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú kílò kan yẹn sílẹ̀ láìfún un mọ́lẹ̀, yóò kún táǹkì omi dúdú onílítà 1,000 méjìlá. Nítorí náà, wọ́n ń fi agbára fún un mọ́ inú táǹkì. Táyà tí fọkanáísà fẹ́ fún yín ní 32, bí wọ́n bá fi géèjì kan náà wọn táǹkì Mirai, yóò kọjá 10,000. Táǹkì mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ náà, gbogbo wọn kò gbà ju kílò 5.6 lọ. Rírọ rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdíwọ̀n Amẹ́ríkà sì sọ pé ó lè rin nǹkan bíi kìlómítà 640, èyí tó tó àlọ àti àbọ̀ Èkó sí Ìlọrin.

Ṣé kò ní bú gbàù? Ó tọ́ kí èèyàn béèrè. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 1937, ọkọ̀ òfurufú Jámánì kan, Hindenburg, tí háídírójìn ń gbé fò, gbiná ní Lakehurst ní Amẹ́ríkà, ẹ̀mí 36 sì lọ sí i. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba aráyé títí dòní. Àwa tí a máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí epo bá wọ́n, a ò yẹ lẹ́ni tó ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Bí háídírójìn bá jò, òkè ló ń gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Oru bẹntiróò ní tirẹ̀ máa ń rá pálá nílẹ̀ ni. Síbẹ̀, ó ní ewu tirẹ̀. Òórùn tí à ń gbọ́ lára gáàsì ìdáná, àfikún ni, kí imú lè ta wá lólobó bó bá jò. Wọn kò lè fi irú òórùn bẹ́ẹ̀ sí háídírójìn ọkọ̀, nítorí ó máa ń ba platinum inú fuel cell jẹ́. Bó bá sì gbiná ní ọ̀sán gangan, ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọwọ́ iná náà. Ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn fúnni ni wọ́n gbára lé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 2019, ilé epo háídírójìn kan bú gbàù ní Sandvika, nítòsí Oslo ní Norway. Nígbà tí wọ́n tú u wò, àwọn bóòtù ìdérí kan lára táǹkì ibẹ̀ ni wọn kò fún le tó.

Ó wá ku ibi tí wọ́n ti ń rí háídírójìn, níbi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ti máa ń sáré kọjá. Ní ọdún 2023, aráyé ṣe háídírójìn tó lé ní mílíọ̀nù 95 tọ́ọ̀nù. Inú gáàsì ilẹ̀ àti èédú ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá. Kò sì jìnnà sí wa. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ni wọ́n kọ́ láti máa ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe yúríà láìní háídírójìn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe háídírójìn náà rèé. Páìpù gígùn-gígùn wà nínú iná ìléru, wọ́n rọ kóró nikẹ́ẹ̀lì kún inú wọn. Wọ́n á da gáàsì ilẹ̀ pọ̀ mọ́ oru omi, wọ́n á rán an gba inú páìpù wọ̀nyí kọjá, nínú ooru tó wà láàárín ìwọ̀n 700 sí 1,000. Níbẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù inú gáàsì yóò ti já ọ́síjìn gbà lọ́wọ́ omi, tí háídírójìn tiwọn méjèèjì yóò sì bọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń bá a jáde ni carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró kan náà tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Wọ́n á tún fi oru omi kọ lù ú lẹ́ẹ̀kejì, yóò yí padà di carbon dioxide, háídírójìn á sì tún pọ̀ sí i. Fún kílò háídírójìn kan, carbon dioxide tó ń jáde tó kílò 9 sí 10. Bí irú háídírójìn bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ọkọ̀, omi ló máa kán nídìí ọkọ̀ lóòótọ́, èéfín ti jáde sílẹ̀ níbòmíràn kó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi iná mànàmáná la omi. Ẹ lè rí i pẹ̀lú ojú yín nínú ife. Ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù méjì lórí àti nídìí, ẹ tì wọ́n bọ omi tí ẹ fi bẹ́kìn sódà díẹ̀ sí, kí ẹ fi wáyà so orí wọn mọ́ bátìrì onífóòtì 9. Ìfóófòó wẹ́wẹ́ yóò máa yọ lára pẹ́ńsù méjèèjì. Èyí tó wà lápá ìyọkúrò bátìrì máa ń pọ̀ jù: háídírójìn nìyẹn. Apá kejì, ọ́síjìn ni. Ẹ má fi iyọ̀ rọ́pò bẹ́kìn sódà o, chlorine ni yóò máa jáde, kò sì dáa fún àyà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fẹ́ chlorine náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀, háídírójìn á sì jáde lọ́fẹ̀ẹ́; irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Runcorn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń gbé èyí tí àwọn bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 7 ti London wọ̀nyẹn kọ́kọ́ lò.

Lítà omi 9 ló ń di kílò háídírójìn kan. Omi kọ́ ni ìṣòro. Iná ni. Yúnìtì iná tí à ń rà sínú mítà, nǹkan bíi 55 rẹ̀ ni yóò lọ sórí kílò kan ṣoṣo. Bí iná náà bá ti ọ̀dọ̀ oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ wá, háídírójìn yẹn mọ́ tinú-tòde. Títí di ìsinsìnyí, irú èyí tó mọ́ bẹ́ẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èyí tí aráyé ń ṣe.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àwọn ọmọbìnrin iléèwé mẹ́rin gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá sí ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó. Ọmọ ọdún 14 ni mẹ́ta nínú wọn, ẹ̀kẹrin jẹ́ 15. Wọ́n ní ìtọ̀ ni àwọn fi ń tan án, pé lítà kan lè tan iná fún wákàtí mẹ́fà. Ìròyìn wọn kárí ayé. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yọ háídírójìn lára ìtọ̀. Wọ́n á sẹ́ ẹ nínú omi, wọ́n á rọ ọ́ sínú sílíńdà, wọ́n á fi omi borax fa ọ̀rinrin inú rẹ̀, kó tó wọ jẹnẹrétọ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Kódà ní ọdún 2009, Gerardine Botte ní Yunifásítì Ohio ti fi hàn pé iná tí a fi ń la yúríà inú ìtọ̀ kéré sí èyí tí a fi ń la omi. Mo gbóríyìn fún àwọn ọmọ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn kò bi wọ́n ni pé: iná tí ẹ fi la ìtọ̀, níbo ló ti wá?

Ẹ wo alájọ. Alájọ kì í ta èèyàn lọ́rẹ. Owó tí ẹ dá fún un ló ń kó fún yín níparí oṣù, lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀. Iṣẹ́ háídírójìn nìyẹn: agbára tí a fi já a gbà ló ń dá padà. Àmọ́ kì í ṣe owó ọjọ́ kan ló ń yọ. Yúnìtì 55 la fi ṣe kílò kan, ẹ fi nǹkan bí mẹ́ta kún un fún fífún un mọ́ táǹkì. Yúnìtì 33 péré ló kù nínú kílò náà, fuel cell á tún sọ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ nù sínú ooru. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò kò ju 17 lọ. Ẹni tó dá àjọ ọgbọ̀n ọjọ́, ti ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà.

Nítorí náà, ẹ di owó yín mú bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ so igò mọ́ ẹ́ńjìnnì yín kí ọkọ̀ lè máa lo omi. Igò náà á hó, háídírójìn á sì jáde. Bátìrì ọkọ̀ ló ń mú un hó, alternator ló ń ṣáájì bátìrì, ẹ́ńjìnnì ló ń yí alternator, epo tí ẹ rà ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì.

Bí wọ́n bá rọ yúnìtì 58 kan náà tààrà sínú ọkọ̀ oníbátìrì, èyí tó lé ní 40 ló máa dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Mo rò pé ìṣirò yìí ló ti parí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọjà sì ti ń jẹ́rìí sí i. Ní California, níbi tí wọ́n ti gbìyànjú jù ní Amẹ́ríkà, owó kílò kan ti gun dọ́là 36 láwọn ilé epo kan, tó fi jẹ́ pé kíkún táǹkì Mirai á gba dọ́là 200. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Shell ti gbogbo ilé epo háídírójìn rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rìn jìnnà, tí kò ní àyè láti dúró ṣáájì, tí bátìrì rẹ̀ yóò sì wúwo jù. Jámánì náà gbé ọkọ̀ ojú irin oníháídírójìn sójú ọ̀nà ní Bremervörde ní ọdún 2018, níbi tí kò sí wáyà iná lórí irin.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, àpò ajílẹ̀ ni mo máa fẹ́ kí háídírójìn tó mọ́ kọ́kọ́ wọ̀. Ọkọ̀ ń fẹ́ agbára lásán, bátìrì sì lè gbé ìyẹn fún un. Yúríà ní tirẹ̀ ń fẹ́ háídírójìn gan-an, kò sì sí bátìrì tó lè bá a wá a.