Pílánẹ́ẹ̀tì Tí Ojú Kò Rí: Báwo Ni A Ṣe Mọ̀ Pé Ó Wà?

Ní ilé-kéwú wa, mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé pílánẹ́ẹ̀tì kan wà tó jìnnà dé ibi pé ìmọ́lẹ̀ yóò rin ìrìn ohun tó lé ní 20,000 ọdún kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, ó ní: “Àfáà, ta ló rí i?” Mo ní: “Kò sẹ́ni tó rí i.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí ẹ̀kọ́ wa tòní.

1. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀
Ní ọdún 1915, Albert Einstein ṣàlàyé pé òòfà ohun tó bá wúwo máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, àwọn onímọ̀ dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Brazil àti ní erékùṣù Príncipe, létí Áfíríkà tiwa níbí, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni.

Nítorí náà, bí ìràwọ̀ kan bá kọjá níwájú òmíràn gan-an, ti iwájú yóò ṣe bí awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá: ti ẹ̀yìn yóò mọ́lẹ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì padà sí bó ti wà. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ń yí ti iwájú ká, òun náà lè fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un fún ìgbà kúkúrú. Ní 1936, Einstein fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé kò sí ìrètí pé a ó rí irú rẹ̀, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ìràwọ̀ méjì tò bẹ́ẹ̀.

2. Àwọn tí kò sùn
Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Poland tí ń ṣọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ láti orílẹ̀-èdè Chile kíyè sí i ní oṣù keje ọdún 2005 pé ọ̀kan ń mọ́lẹ̀ sí i. Wọ́n ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri ayé lólobó. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí relẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti lọ sùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń relẹ̀ tún gbéra díẹ̀, fún bí ọjọ́ kan péré. Àwọn tó wà ní Chile rí i, àwọn tó wà ní Australia náà sì rí i. Ká ní wọ́n ti sùn ni, kò sí pé a ó tún un wò.

3. Ohun tí ipa ẹsẹ̀ sọ
Ọdẹ tó rí ipa ẹsẹ̀ lẹ́bàá odò kò rí ẹran, síbẹ̀ ó lè sọ bó ti tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣírò pé pílánẹ́ẹ̀tì yìí, tí wọ́n pè ní OGLE-2005-BLG-390Lb, wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 5.5 ayé wa. Super-Earth ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ìràwọ̀ tó ń yí ká kéré, kò gbóná tó oòrùn, ó sì jìnnà sí i. Òtútù ibẹ̀ fi nǹkan bí ìwọ̀n 220 lọ sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Ní oṣù kìíní ọdún 2006 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í ti ara ipa ẹsẹ̀ sọ àwọ̀ ẹran. Wọn kò sọ pé ohun abẹ̀mí wà níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ tí ẹ bá rí nínú ìwé ìròyìn, ayàwòrán ló finú rò ó.

Ẹni tó ní “ohun tí n kò rí kò sí” ti ṣìnà. Ẹni tó rí ipa ẹsẹ̀ kan tó wá ń ròyìn gbogbo ẹran fún wa náà ti ṣìnà. Ibi tí ẹ̀rí bá dúró sí ni kí ahọ́n wa náà dúró sí.

Ìbéèrè
1. Kí ló mú kí ìràwọ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ sí i?
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2005?
3. Sọ ohun kan tí ẹ̀rí yìí lè fihàn, àti ọ̀kan tí kò lè fihàn.