Ẹ̀KỌ́: ARÁ ILÉ TÓ KÓRÌÍRA ẸNI
Kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 26:12-31

Ẹ̀yin ará, àlejò ni Ísákì ní Gérárì. Ábímélékì ló jọba ibẹ̀. Nígbà tí Ísákì là, àwọn ará ibẹ̀ jowú rẹ̀, wọ́n fi erùpẹ̀ dí kànga baba rẹ̀. Ọba tó ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òun náà ló wá ní kó kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ni onílé míì rí lónìí. Ará ilé ń da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà yín, ó ń ṣépè fún ọmọ yín. Ẹ fẹjọ́ sun onílé, ó ní owó ilé lòun wá gbà.

Ísákì kò gbé kùmọ̀. Wọ́n jà sí kànga Ésékì, wọ́n jà sí Sítínà. Ó fi méjèèjì sílẹ̀, ó ń gbẹ́ òmíràn títí ó fi dé Réhóbótì, níbi tó ti ráyè.

Kí la rí kọ́?

1. Ẹ má da omi padà. Ẹ rán àgbà méjì sí i nígbà tí inú bá rọ̀.

2. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ bá olórí àdúgbò. Ìyẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

3. Bó bá le jù, ẹ kó lọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 ní kí onílé má gbà ju owó oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Nígbẹ̀yìn, Ábímélékì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Ísákì, Ísákì sì se àsè fún un. Nítorí náà, ẹni tó ń kó lọ, kó kí ará ilé kó tó jáde. Kí Olúwa fún wa láyè. Àmín.