Àdírẹ́sì Kì í Dá Rìn: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Ń Kọ Ìlànà Ìṣàkóso Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ MIB, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ YANG, iṣẹ́ tí ẹ yàn kì í ṣe iṣẹ́ ariwo. Ẹni tó ń wo fídíò lórí fóònù rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó, ó ti kọ bí rútà yóò ṣe máa sọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá kọ lónìí, àwọn tí ẹ kò ní fojú rí láé ni yóò kọ́ ọ sínú ẹ̀rọ wọn, ó sì lè wà níbẹ̀ títí irun yín yóò fi funfun. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí àdírẹ́sì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé kò sí ohun tó yẹ kí èèyàn rò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé ìlànà RFC 1155, ní 1990, irú dátà tí wọ́n pè ní IpAddress jẹ́ báìtì mẹ́rin péré. IPv4 nìkan ni irú IP tí a ń lò nígbà náà, kò sì sí ẹni tó ṣàròyé. Nígbà tí IPv6 dé pẹ̀lú báìtì 16, kò sí bí ẹ ṣe lè tì í wọ inú mẹ́rin. Ní 1998, RFC 2465 ya àtẹ IPv6 sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àdírẹ́sì tó wà lórí rútà kan ṣoṣo wá ní láti béèrè níbi méjì. IETF, àjọ tó ń kọ àwọn ìlànà wọ̀nyí, rí i pé èyí kò lè tọ́jọ́. Wọ́n kọ RFC 2851 ní 2000, wọ́n tún un ṣe ní 2002, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2005, òun ló di RFC 4001 tí a ń lò. Ní 2006, RFC 4293 fi àtẹ kan ṣoṣo gba ipò méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fọwọ́ kan IpAddress. Ìtumọ̀ tó bá ti jáde síta, a kì í yí i padà lẹ́yìn ẹni tó ti lò ó. Tuntun ni a ń kọ, a ó sì kọ ọ́ sára ti àtijọ́ pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́: ẹ má fi àdírẹ́sì sílẹ̀ láìsọ irú èyí tó jẹ́. RFC 4001 pín in sí méjì. InetAddressType ni nọ́ńbà tó ń sọ irú rẹ̀: 1 ni IPv4, 2 ni IPv6, 16 ni orúkọ DNS. InetAddress ni báìtì fúnra wọn, láti òdo títí dé 255. Irú ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí àdírẹ́sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń sọ pé ìnira lásán ni, pé gígùn báìtì ti tó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo orúkọ t.co. Lẹ́tà mẹ́ta àti àmì kan, báìtì mẹ́rin géérégé. Ẹni tó bá fi gígùn mọ irú yóò kà á sí 116.46.99.111, yóò sì lọ kan ilẹ̀kùn onílé mìíràn.

Èkejì: ẹ má há irú náà mọ́. Bí ẹ bá ń kọ ohun tí ẹ̀rọ yín ń lo IPv4 nìkan fún, yóò wù yín láti kọ ọ́ sínú ìtumọ̀ pé ipv4 nìkan ni a gbà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìtumọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ wá kọ ọ́ sí apá ìbámu (compliance) pé èyí tí ó di dandan fún ẹ̀rọ láti ṣe nìyí. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín yóò rí àyè fi tirẹ̀ kún un láì da iṣẹ́ yín rú.

Ẹ̀kẹta: ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín òfo àti òdo. Bí kò bá sí àdírẹ́sì, irú rẹ̀ ni unknown, báìtì rẹ̀ sì jẹ́ òfo. Ẹ má kọ 0.0.0.0 dípò rẹ̀, torí 0.0.0.0 ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ wo RFC 4022, níbi tí wọ́n ti ka àwọn ètò tó ń dúró de ìpè lórí TCP. Ètò tó bá ń gba IPv4 nìkan, tó sì ń gbọ́ lórí gbogbo àdírẹ́sì, ipv4 ni irú rẹ̀, 0.0.0.0 sì ni àdírẹ́sì rẹ̀. Èyí tó bá ń gba IPv4 àti IPv6 pọ̀, unknown ni irú rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ sì ṣófo. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn tó kọ ọ́ sì sọ ọ́ ketekete nínú àlàyé, wọn kò fi í sílẹ̀ kí oníkálukú máa méfò.

Ẹ̀kẹrin: ẹ béèrè bóyá àdírẹ́sì yín nílò zone, ìyẹn àmì tó ń sọ ibi tí àdírẹ́sì náà wà. Àdírẹ́sì bíi fe80::1 lè wà lórí gbogbo ojú (interface) rútà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá rán ọmọ sí Ilé Alágbẹ̀dẹ láìsọ ìlú, ìlú wo ni kò ní Ilé Alágbẹ̀dẹ? Ìdí nìyẹn tí irú tí RFC 4001 pè ní ipv6z fi jẹ́ báìtì 20: 16 fún àdírẹ́sì, mẹ́rin fún ibi tó wà. Nínú YANG, RFC 6991 ti 2013 ní ip-address tó ń gba zone, ó sì ní ip-address-no-zone tí kò gbà á. Ọ̀pọ̀ ń mú ti àkọ́kọ́ torí pé orúkọ rẹ̀ kúrú, nígbà tó jẹ́ pé èkejì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin oníYANG ni mo ń bá wí jù níhìn-ín: ẹ mọ ohun tí irú dátà ń ṣe sí ohun tí ẹ kó sínú rẹ̀. Ẹ fi 192.0.2.5/24 sínú ip-prefix, ohun tí yóò jáde ní ìkọ̀wé àjùmọ̀lò rẹ̀ ni 192.0.2.0/24. Márùn-ún ti lọ. Kì í ṣe àléébù: prefix ń sọ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sọ nípa ẹ̀rọ kan. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àdírẹ́sì ojú rútà àti gígùn prefix rẹ̀, ẹ ya wọ́n sí leaf méjì, bí RFC 8344 ti ṣe.

Bákan náà ni ti MAC. MacAddress jẹ́ báìtì mẹ́fà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì InfiniBand tí IP ń lò jẹ́ 20. Bí kò bá dá yín lójú pé Ethernet nìkan ni yóò lò ó, PhysAddress ni kí ẹ mú.

Ní ìparí, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó dá irú àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀, kí ó ṣí RFC 4001 àti RFC 6991, kí ó kà wọ́n tán. Bí ohun tó ń wá bá wà níbẹ̀, kí ó lò ó bó ṣe wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó kọ tirẹ̀, kí ó sì fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà kà, kí onítọ̀hún sọ ohun tó yé e. Bí ohun tó yé e bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ má jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ padà lọ tún un kọ.