Ọ̀nà Ló Ń Sọ Táyà Lórúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó ń lọ sóko, tó sì fẹ́ pààrọ̀ táyà jíìpù rẹ̀, ọ̀nà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ó dé ìsọ̀ onítáyà, a ó rí èyí tí eyín rẹ̀ yọ gàǹgà bí eyín ọ̀nì, a ó ní òun la fẹ́.

Ọ̀nà tèmi nìyí: láti Ìbàdàn, mo máa ń gba Móníyà lọ sí Ìséyìn, títì ọlọ́dà ni. Lẹ́yìn Ìséyìn ni mo ń yà sọ́nà oko: yangí, òkúta wẹ́wẹ́, kùkùté kaṣú tí àdá ti gé ṣóńṣó, àti àbàtà kan tí ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ títí òjò ọdún fi ń tán. Táyà tí wọ́n ṣe fún títì nìkan, bó bá dé àbàtà yẹn, amọ̀ á dí àárín eyín rẹ̀, á wá jọ̀lọ̀ bí ìdí ìkòkò, á máa yí lójú kan. Èyí tí wọ́n kọ M/T sí lára, ìyẹn táyà ẹrẹ̀, ń jáde nínú ẹrẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, ariwo rẹ̀ ń dini létí, ó ń mu epo, ó ń yára jẹ, bí òjò bá sì ti rọ̀ sí títì, kì í di ilẹ̀ mú dáadáa tí a bá tẹ bíréèkì. Ẹni tó ń rìn bíi tèmi, A/T, èyí tí wọ́n ṣe fún títì àti ọ̀nà oko pọ̀, ni kó rà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í kúrò nínú igbó nìkan ni mo lè ní kó ra M/T.

Ti ọjọ́ orí táyà ló dùn mí jù. Ní 2021, mo ra tòkunbọ̀ mẹ́rin. Wọ́n ti fi nǹkan kùn ún, ó dúdú, ó ń dán. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀kan fi bẹ́ lójú ọ̀nà, ìyá mi sì wà nínú ọkọ̀. Ọlọ́run ló kó wa yọ. Fọ́kanáísà tó wá bá wa níbẹ̀ fi àkísà tútù nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà, ó fi èékánná tọ́ka sí nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ìlà tí wọ́n kọ DOT sí: 3109. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é.” Ó tẹ rọ́bà náà, ó sì là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ lọ́yẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin. Tèmi ti lé ní mọ́kànlá. Àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé tún máa ń ki táyà bọ inú ara wọn kí wọ́n lè pọ̀ nínú kọ̀ǹténà. Wáyà inú rẹ̀ lè ti ṣẹ́, ojú kò sì ní rí i. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ fi ìrìn-àjò kan sílẹ̀, ẹ tọ́jú owó, kí ẹ ra tuntun.

Ẹ sì rà á pé. Ẹyẹ kì í fapá kan fò. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, irin ló so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀ mọ́ tẹ̀yìn. Táyà tó ti jẹ kéré sí tuntun, ó gbọ́dọ̀ yí jù ú lọ kí wọ́n tó lè jọ dé ibì kan náà. Bí iwájú bá ń yí ju ẹ̀yìn lọ, jíà tó wà láàárín ni yóò jìyà rẹ̀: yóò gbóná, lọ́jọ́ kan yóò fọ́. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ kan, ìwọ̀n kan. Kí ìkarùn-ún tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà bá wọn dọ́gba, torí inú igbó ni ẹ ó ti wá a.

Ìwọ̀n kò le. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara férémù rẹ̀. Bó bá jẹ́ 265/65R17, òun ni kí ẹ rà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e lára táyà ni ti ẹrù: 112 túmọ̀ sí kìlógíráàmù 1,120 lórí táyà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó iṣu, ẹ má gba èyí tó kéré sí ti àtilẹ̀wá.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í pẹ́ dé. Kí ẹ tó kawó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi omi nu ẹ̀gbẹ́ táyà, kí ẹ fojú ara yín ka nọ́ńbà mẹ́rin náà. Bí ẹ kò bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yí i sí ìkejì, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí. Bí onísọ̀ bá ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ kúrò níbẹ̀.