Oògùn Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin lo oògùn ibà lóṣù tó kọjá, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lo irú rẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣé oògùn òyìnbó kò bá ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú mu ni? — Ìyá kan, Akparé, Togo

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́. Ó lè jẹ́ pé G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò tó lára ọmọ yín. Àìtó yìí wọ́pọ̀ níbi tí ibà ẹ̀fọn ti jà pẹ́: Togo, Nàìjíríà, Íńdíà, títí dé Gíríìsì. Ọwọ́ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ara ọkùnrin ló sì ti ń hàn jù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lo oògùn bíi primaquine tàbí dapsone, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ lè máa fọ́. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ apoògùn GSK fi kó Lapdap, oògùn ibà tó ní dapsone nínú, kúrò lọ́jà ní 2008.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ G6PD ọmọ yín wò nílé ìwòsàn ní Atakpamé. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe nígbà àìsàn lè tanni jẹ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ oògùn tó lò lóṣù tó kọjá sínú ìwé ìlera rẹ̀. Bí ìtọ̀ bá tún dúdú, ẹ má fi falẹ̀: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.