Òkèèrè La Ti Ń Wo Calculus

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Texas ló ń fi kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á kó 60 kírẹ́díìtì jọ, tí wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí Associate of Science, kí wọ́n tó lọ parí ìyókù ní yunifásítì. Ọgbọ́n ni, torí owó ibẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹrù tí èèyàn dì ni oníbodè ń jẹ́ kó gbé wọlé. Lọ́dún 2017, GAO, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó pààrọ̀ ilé-ìwé láàrin ọdún 2004 sí 2009 pàdánù nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún kírẹ́díìtì wọn. Gbogbo irú ilé-ìwé ni wọ́n kó pọ̀, ti ẹlòmíràn kò sì burú tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, owó gidi ni kọ́ọ̀sì kan tó ṣòfò. Ẹnubodè yunifásítì ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ dúró sí, kó wá máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀ padà dé sáà àkọ́kọ́.

Ẹ wo BIOL 1406 àti BIOL 1408. Nọ́ńbà kan náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba Texas jọ ń lò, ẹyọ kejì nínú rẹ̀ ló sì ń sọ iye kírẹ́díìtì: mẹ́rin-mẹ́rin ni méjèèjì. Bàọ́lọ́jì ni méjèèjì ń jẹ́. Ṣùgbọ́n 1406 ni ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn tó ń kọ́ nǹkan mìíràn ló ni 1408. Ẹni tó mú 1408 nítorí pé àkókò rẹ̀ bá iṣẹ́ alẹ́ mu lè gba A, kí ẹ̀ka bàọ́lọ́jì sì tún ní kó lọ ṣe 1406. Físíìsì náà ńkọ́? PHYS 1401 kò béèrè Calculus. 2425 ń béèrè rẹ̀, òun sì ni ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ń wá. Kẹ́místírì tiẹ̀ so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n ni: 1411 ló ń ṣílẹ̀kùn fún 1412, 1412 fún Organic Chemistry àkọ́kọ́, ìyẹn fún èkejì. Sáà mẹ́rin gbáko. Ẹni tó bá sún 1411 sí sáà kejì ti ń wọ ọdún kẹta láìmọ̀, àfi bó bá fi ìsinmi ìgbà ooru dí i.

Àwọn kan á ní kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe àwọn tó rọrùn, ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ire ni wọ́n ń rò, àmọ́ kọ́ọ̀sì ìtàn kò di sáyẹ́ǹsì lọ́nà; kò sí sáà tí kò lè bọ́ sí. Bí a bá lo irú wọn tán lọ́dún àkọ́kọ́, láàbù mẹ́ta lè wọ́ jọ sí sáà kan lọ́dún kejì, fún ẹni tó tún ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa bá sáyẹ́ǹsì rìn. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ kà ńkọ́? General Chemistry àti Calculus ni bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ sábà máa ń béèrè. Ẹni tó fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ òbí wa fẹ́ràn, yàtọ̀: ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, kòkòrò àìfojúrí àti statistics ni tirẹ̀, Calculus kì í sábà sí níbẹ̀.

Olùdámọ̀ràn kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lóòótọ́, ó sì yẹ ká lọ bá a. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé tirẹ̀ ló mọ̀ jù. Ẹ̀ka tí ọmọ ń lọ ló mọ ohun tí yóò gbà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Yunifásítì a máa yí ohun tó ń béèrè padà, nítorí náà sáà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tún un wò. Kí ẹ tó san owó sáà àkọ́kọ́, ẹ kọ sáà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé kan, ẹ tẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀ka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fi ìka tọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá rí ẹnìkejì rẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka náà, kí ẹ sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá kọ.