Ẹni Tí Ń Tọ́jú Ẹni Tí Ó Fi Orí Ṣèṣe

Nígbà tí wọ́n bá gbé ẹni tí ó fi orí ṣèṣe padà wálé láti ilé-ìwòsàn, ayọ̀ a máa gba inú ilé kan. Àwọn aládùúgbò a wá kí i kú ewu, ẹbí a dúpẹ́, olúkúlùkù a sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ìyàwó ni nígbà púpọ̀, tàbí ìyá, tàbí ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sí ilé ọkọ. Nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ ni baálé ilé náà. Ó gun ọ̀kadà bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde láìdé akoto, ọ̀kadà ṣubú, orí rẹ̀ sì gbá ọ̀dà. (Láti oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú àwọn ọlọ́kadà dé akoto, àwọn kan tilẹ̀ gbé igbá lé orí nígbà náà láti fi tan ẹ̀ṣọ́, bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ ni yóò ṣubú.) Ọkùnrin náà wà ní ilé-ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmọ ibi tí ó wà, lẹ́yìn náà ó jí. Ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wá kí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò ní ara rẹ̀ ti dá. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ pé ìwà ẹni tí ó padà wá kì í ṣe ìwà ẹni tí ó jáde lọ. Ẹni tí kì í gbé ohùn sókè tẹ́lẹ̀ ń ṣépè fún àwọn ọmọ. Ó jẹun tán, ó tún ń bèèrè oúnjẹ. Ní ọ̀gànjọ́ òru, ó ń ṣí ilẹ̀kùn pé òun ń lọ sí oko. A kò lè fi òun nìkan sílẹ̀ nídìí iná. Àtẹ gàrí tí ìyàwó ń pa ní ọjà ti di títì láti ìgbà náà.

Ó yẹ kí á mọ ìdí rẹ̀. Ọpọlọ ènìyàn rọ̀, agbárí tí ó bò ó sì le. Bí orí bá gbá nǹkan, ọpọlọ a mì, a sì fara gbá egungun láti inú. Apá tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí ni ó ń kó ènìyàn níjàánu, kí ó má ṣe sọ gbogbo ohun tí ó wá sí i lọ́kàn. Bí ibẹ̀ bá fara pa, ìjánu já nìyẹn. Ẹni náà lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti yí padà. Nítorí náà, èébú tí ó ń bú ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe àìmoore, kì í sì í ṣe pé aráyé ti mú un. Ìpalára náà ni ó ń sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ó lè rí fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù.

Ní ọdún 1962 ni Dókítà Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́-abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ náà ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tí ì bá ti kú ń rù ú là. Ṣùgbọ́n dókítà kì í bá aláìsàn délé. Àwọn ẹbí ọkọ tí ó wà ní Èkó a fi owó ránṣẹ́, wọn a sì bèèrè pé, “Ìyàwó, ṣé ẹ ń fún un ní oògùn rẹ̀ déédéé?” Owó náà dára, ṣùgbọ́n owó kò lè jí lóru. Kò sì sí ẹni tí ó bèèrè bóyá ìyàwó fúnra rẹ̀ sùn.

Ẹni tí kò sùn fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn a máa dùn ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa ru láìmọ̀, inú a sì máa tètè bí i. Ní ọdún 1980, ní Amẹ́ríkà, Steven Zarit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìbéèrè kan jáde láti fi mọ bí ẹrù ti wúwo tó lọ́rùn àwọn tí ń tọ́jú arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra. Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà náà ti lò ó. Ara ohun tí wọ́n ń bèèrè níbẹ̀ ni bóyá olùtọ́jú ń bínú sí aláìsàn, àti bóyá ó wù ú kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà. Èyí fi hàn pé irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Obìnrin tí ó bá gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ pé kí òun rí ibi sá lọ kì í ṣe ìkà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín ni ọ̀nà àbáyọ kan ti wá. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Aró nípa fífi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká. Àrùn tiwọn yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó fi orí ṣèṣe, ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ìlànà rẹ̀: ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá. Òun ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò sì mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní òwúrọ̀. Ìbátan náà kò dá wà. Nọ́ọ̀sì ń bẹ nítòsí, àwọn ará abúlé wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ìbátan mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sì ń bẹ ní agboolé kejì.

Ohun tí ó ṣòro ní ilé àpẹẹrẹ wa ni pé obìnrin náà dá wà. Kí ẹbí jókòó, kí wọ́n sì pín iṣẹ́ náà ní orúkọ-orúkọ: ẹni tí yóò sùn ti aláìsàn ní òru méjì lọ́sẹ̀, ẹni tí yóò wá ní ọjọ́ ọjà kí àtẹ gàrí lè tún ṣí. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ọkọ, tí ń dá aṣọ papọ̀ fún ọdún, lè rán ẹnì kan wá ní ìrọ̀lẹ́ láti bá a rìn yí àdúgbò ká. Ẹni tí ó bá sì wá gba ìṣọ́ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan díẹ̀. Kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó má bá a jiyàn. Kí ó gbé e jókòó dáadáa kí ó tó fún un ní oúnjẹ. Bí gìrì bá gbé e, kí ó dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ó má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èyí tí kò lè dìde rárá, kí wọ́n máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má bàa dá sí i lára.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sì mú aláìsàn padà lọ fún àyẹ̀wò, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù, kí ìyàwó na apá tirẹ̀ náà sí nọ́ọ̀sì, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ń ru, kí ó sì sọ iye wákàtí tí ó ń sùn lóru.